Ikọ́ Tí Kò Lọ, Ẹ Má Pè É Ní Ikọ́ Èéfín Mọ́

 

Ẹja ni èmi ń yan tà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí mo bá wúkọ́ báyìí, wọn á ní, "Èéfín ni." Èmi náà á ní èéfín ni. Ó ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yẹn gbé ẹnìkejì mi lọ.

Ata gígún ló ń tà. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ fún un pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ìyẹn TB. Wọ́n fún un lóògùn oṣù mẹ́fà. Oṣù kejì, ikọ́ rọlẹ̀, ló bá pa oògùn tì, ó ní òun ò lè máa ti ìsọ̀ nítorí ilé ìwòsàn. Ikọ́ padà dé. Ó tún oògùn bẹ̀rẹ̀, ó lò ó tán. Ṣùgbọ́n títí dòní, bó bá gbé garawa omi, á dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìsọ̀.

Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye. Ó ní àwọn dókítà ṣe ìwádìí kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2016. Àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí kálukú fa èémí kúnnú, kó fẹ́ ẹ tagbára-tagbára sínú ẹ̀rọ kan títí á fi tán. Wọ́n fún wọn lóògùn tó ń la ọ̀nà èémí, wọ́n tún fẹ́ ẹ. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá tètè jáde síbẹ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fún nìyẹn. Àìsàn yìí làwọn dókítà ń pè ní COPD.

Nínú 100 èèyàn, bíi 8 ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú 1,000, nǹkan bí 3 péré ni dókítà ti sọ irú rẹ̀ fún rí! Ẹ má sì rò pé sìgá nìkan ni o, torí 89 nínú 100 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò mu sìgá rí. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò rí i pé igi ìdáná ló fà á níbẹ̀. Àwọn tí TB ti ṣe rí àtàwọn tó ní ikọ́ fée ló pọ̀ lára jù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èéfín kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa COPD. Ní Ìbàdàn náà, ìwádìí tó jáde ní 2017 lórí aláboyún 324 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ lára àwọn tí wọ́n fún ní sítóòfù tí kì í rú èéfín tó ti àwọn tó ń fi igi àti kẹrosíìnì dáná. Bẹ́ẹ ba lè kúrò nínú èéfín, ẹ kúrò. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí èéfín máa bo àìsàn mìíràn mọ́lẹ̀.

Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò TB àti oògùn rẹ̀. Ẹ lò ó pé oṣù mẹ́fà, kódà bí ara bá yá. Bí èémí bá ń há lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí. COPD kì í lọ tán, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń mú kó rọrùn.

Ìsọ̀ ló jẹ́ kí oníata wa pa oògùn tì. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹni tó bá ní ọjọ́ ilé ìwòsàn, kí alámùúlégbè rẹ̀ bá a tajà. Ẹlẹ́mìí ló ń pàtẹ.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́