Òrí Wà Nílé, À Ń Ra Ìpara Olówó Gọbọi!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ orí ni. Kì í ṣe orí tí à ń bọ o, orí tí irun wà lórí rẹ̀ ni mò ń wí.

Lẹ́tà kan ló dá a sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta tòmátì àti ata ní Ṣágámù ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni òun, ṣùgbọ́n bí òun bá tú gèlè, ẹni tó bá rí òun á rò pé òun ti lé ní àádọ́ta. Irun iwájú orí òun ti sá lọ, ẹ̀bá etí méjèèjì ti di pápá. Ó ní oríṣi ìpara irun mẹ́rin ni òun ti rà láàárín ọdún kan, àti pé owó tí òun fi ra èyí tó kẹ́yìn, òun ìbá fi kún owó ọjà. Ó wá béèrè pé: "Ṣé òótọ́ ni pé òrí àti àdín tí àwọn ìyá wa ń lò dáa ju gbogbo èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣe é fúnra mi? Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń wò mí."

Gbólóhùn tó fi parí lẹ́tà yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí pé mo ti wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, onídìrí kan fi rìlásà sí mi lórí, ó bá tirẹ̀ lọ síta, ó ń ra ẹ̀kọ. Nígbà tí mo pariwo pé ó ti ń ta mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù, kò tíì mú." Ó ti mú o! Awọ orí mi ló mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú egbò. Gèlè tí gbogbo ayé ń yìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí wọ́n ní ó ga bí òkè Olúmọ, ìtìjú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá ìyá mi ló bá mi fi òrí pa á, tó sì fún mi létí pé kí n jẹ́ kí orí mi sinmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń po ìpara irun mi fúnra mi.

ÒÓTỌ́ KÍ N TÓ SỌ ADÙN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ba yín nínú jẹ́ díẹ̀. Òrí kì í hu irun. Àdín kì í hu irun. Ẹni tó bá tà á fún yín pé ó ń hu irun lórí apárí, owó yín ló fẹ́ gbà. Abẹ́ awọ orí ni irun ti ń hù wá, bíi ààbọ̀ ínǹṣì lóṣù kan, ti àwa aláwọ̀ dúdú a sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ohun tí òrí àti àdín ń ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí èyí tó ti hù já. Irun tó ń hù tó sì ń já, agbè tó jò ni. Ẹ bu omi sí i títí, kò ní kún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà lásán ni mò ń sọ. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Íńdíà, Rele àti Mohile, gbé èsì ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2003. Wọ́n fi òróró mẹ́ta wéra: àdín àgbọn, òróró sunflower, àti irú òróró tí wọ́n ń yọ láti inú epo rọ̀bì. Àdín àgbọn nìkan ló wọ inú irun lọ, tó sì dín bí irun ṣe ń ṣòfò kù nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí wọ́n yà á. Ọ̀rá tó ṣe iṣẹ́ yẹn, lauric acid ni wọ́n ń pè é. Irú ọ̀rá yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àdín èkùrọ́ wa. Ẹ ò rí i pé àwọn ìyá wa ò gọ̀!

TA LÓ LÉ IRUN IWÁJÚ LỌ?

Ìyá onítòmátì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ó dá mi lójú pé ọwọ́ onídìrí wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Bí a bá dirun tán tí a ò lè ṣẹ́jú, tí a wá ń wá Pánádọ́ọ̀lù kiri kí a tó lè sùn, tí iwájú orí ń sú wẹ́wẹ́, inú wa á máa dùn pé ó le, pé yóò pẹ́. Irun tí wọ́n fà tó bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ló ń tú. Ẹ wá fi atáṣì tó wúwo kọ́ ọ, ẹ di gèlè lé e lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ru ọjà lé gèlè. Irun kí ni yóò dúró?

Ẹ lọ síwájú dígí lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ bá rí àwọn irun kéékèèké bí irun ọmọ tuntun níbi tó ti lọ, ìrètí ń bẹ: bí ẹ bá dẹ́kun fífà á, ó lè padà wá láàárín oṣù mélòó kan. Bí ibẹ̀ bá ti ń dán bí awo, tí ẹ ò rí ihò irun kankan mọ́, ẹ lọ rí dókítà awọ ara, nítorí èyí tó bá ti pẹ́ jù kì í sábà padà. Àwọn ọmọ tí orí wọn ní làpálàpá, tí irun ń já lójú kan roboto, ẹ má fi òrí pa á mọ́ ọn. Oògùn tí wọ́n ń mu ló ń lé e. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

SÓÓDÀ KÌ Í ṢE OHUN ERÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ, ẹ mọ sóódà. Ẹ mọ bó ṣe ń ṣe ọwọ́. Òun náà ló wà nínú rìlásà tí wọ́n kọ "lye" sí lára. Èyí tí wọ́n kọ "no lye" sí, kẹ́míkà mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n òun náà ń jó awọ. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ máa po rìlásà nílé kí owó lè dínkù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọmọ yín bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò! Bó bá ta sí ojú ẹnìkan, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i láìdúró, kí ẹ sì sáré lọ sí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 33,497 tí wọ́n tọ pinpin fún bí ọdún mọ́kànlá. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kì í lo nǹkan tó ń na irun, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kò ní tó méjì tí yóò ní àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ kí ó tó pé ẹni àádọ́rin ọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó lemọ́lemọ́, bíi mẹ́rin ni. Wọn ò sọ pé rìlásà ló fà á tààrà o, wọ́n ní àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀. Kálukú ló ni orí ẹ̀, èmi ti sọ tèmi.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí irun gùn kó rọ̀ láìsí iná láìsí sóódà, kí ló ṣe irun kíkó? Òwú dúdú yẹn! Ẹ kó irun lálẹ́, ẹ tú u láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó rí bó ṣe nà. Ojeikere, ayàwòrán tó kú ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin wa láti ọdún 1968, àwòrán náà sì sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn òyìnbó ń sanwó wọlé lọ wò ó. Àwa tí a ni ín, a ní ará oko ló ń kówùú.

Ó YÁ, Ẹ GBÉ ÌKÒKÒ KANÁ

Àdín àgbọn la ó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wá àgbọn tó gbó dáadáa, bíi mẹ́wàá. Ẹ fọ́ ọ, ẹ rin ín tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pò ó, ẹ fi aṣọ mímọ́ fún un. Ẹ bo omi funfun yẹn mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá léfòó sókè tó ki, òun ni kí ẹ bu sínú ìkòkò. Omi ìsàlẹ̀, ẹ dà á nù. Iná kékeré ni o! Yóò kọ́kọ́ máa hó, omi á gbẹ, ìgbẹ́ àdín á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bó bá ti pọ́n bí àkàrà báyìí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, torí bó bá jó, òórùn rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ìgò gbígbẹ. Èmi máa ń rí bí ìgò bíà kan nínú àgbọn mẹ́wàá, nígbà míì kò ní kún. Ìgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ á fi mu gààrí, ẹ má dà á nù.

Òrí ńkọ́? Èyí tó ń wá láti Sakí, Kìṣí àti Ìgbòho dáa. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Òórùn èéfín díẹ̀ kò burú, ibi tí wọ́n ti sè é nìyẹn, ṣùgbọ́n bó bá ń rùn kíkan, ó ti pẹ́ jù. (Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá gbígbé èso rẹ̀ tí wọn ò tíì fún lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí àwọn obìnrin wa lè máa rí nǹkan fún kí wọ́n sì tà á fúnra wọn. Ìgbà tí òyìnbó bá rà á tán, wọn á fi sínú agolo kékeré, wọn á tún tà á fún wa ní ìlọ́po mẹ́wàá!)

Ẹ wọn òrí ife méjì sínú abọ́, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi gbígbóná kó yọ́. Ẹ má gbé e lé iná tààrà. Ẹ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí kúrò. Ẹ bu àdín àgbọn tàbí àdín dúdú ìdajì ife sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ẹ wá fi ṣíbí tàbí fọ́ọ̀kì lù ú bí ẹni ń lu ẹyin. Apá á ro yín o. Yóò funfun, yóò wú, yóò rọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àdín kún un kó má baà le; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dín in kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò yọ́ sórí ọrùn yín lábẹ́ oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin irun díẹ̀, kí ẹ tó fi òrí bò ó. Òrí kì í fún irun lómi, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi ni.

Jẹ́lì tí àwọn ọmọbìnrin fi ń lẹ iwájú irun mọ́lẹ̀? Ilá ni! Ẹ gé ilá tútù mẹ́wàá sínú omi ife méjì, ẹ sè é bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná, kó tó ki jù. Bó bá tutù, ẹ fi lẹ irun, ẹ fi lọ́ ọ, kò ní bó funfun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: omi wà nínú rẹ̀, yóò kan bí ọbẹ̀. Nínú fíríìjì, ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tí kò bá ti sí iná NEPA, ẹ lò ó lónìí, ẹ da ìyókù nù lọ́la.

Ní ti fífọ irun, ọṣẹ dúdú dáa, ṣùgbọ́n eérú ló wà nínú rẹ̀, ó lágbára. Ẹ má fi odindi rẹ̀ ha orí. Ẹ yọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ìgò omi, ẹ fi fọ̀, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú abọ́ omi ńlá kan, ẹ dà á sí irun kó lè padà rọ̀, kí ẹ tún wá fi omi lásán ṣàn án kúrò kí ẹ tó bọ́ sí oòrùn, nítorí omi ọsàn àti oòrùn a máa jó awọ.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ TÀ Á

Mo mọ̀ yín, ẹ ti ń ṣírò èrè! Òrí àti àdín tí omi ò kàn lè pẹ́ nílé fún oṣù bíi mélòó kan, bí ẹ bá ń fi ṣíbí gbígbẹ bù ú. Aládùúgbò mi kan po omi aloe vera mọ́ òrí, ó tà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo agolo náà fi hu ewú. Owó àwọn èèyàn ló san padà, ṣùgbọ́n wọn ò kí i dáadáa mọ́. Ìpara olómi tí ẹ bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó tẹ orúkọ sára agolo.

Ìyá onítòmátì ti Ṣágámù, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ tú irun tó wà lórí yín báyìí. Oṣù mẹ́ta, kò sí atáṣì, kò sí rìlásà. Ẹ di ṣùkú tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó dẹ̀, ẹ sọ fún onídìrí pé kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibi tí irun ti fẹ́lẹ́. Gèlè yín, ẹ fi aṣọ tó ń yọ̀ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Òrí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ sì bi ọkọ yín léèrè ohun tó ń wò. Ó lè jẹ́ pé àánú yín ló ń ṣe é. Bó bá di oṣù kẹta, ẹ kọ̀wé sí wa padà, ìbáà jẹ́ ayọ̀, ìbáà jẹ́ ẹkún, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé lẹ́tà.