Àwọn Àṣẹ tí Kọ̀ǹpútà Ń Mú Ṣẹ Kí A Tó Tẹ Ohunkóhun

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ yìí rí ni ẹ mọ̀ pé ọjọ́ wa kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. A ó kọ́kọ́ lu agogo, a ó tò sórí ìlà, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó gbọ́ ìkéde, kí olùkọ́ tó wọlé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí í ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ rẹ̀ láràárọ̀. A ti fi í lélẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Irú ètò ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa pẹ̀lú. A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, nítorí ó ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an, ó sì ti dójú tì wá lẹ́ẹ̀kan.

Èdè tí àwọn ọmọ SS wa fi ń kọ́ bí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni Python. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó ṣe é, ó sì kọ́kọ́ fi í síta ní 1991. Bí ọmọ bá ṣí Python, àmì kan báyìí, >>>, yóò yọ. Ẹ̀rọ ń retí àṣẹ nìyẹn. Ohun gbogbo tí ọmọ náà bá tẹ̀ lẹ́yìn àmì yìí, inú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni ó wà. Bí iná bá lọ (ta ni a óò sì sọ fún ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹfọ̀n bí iná ti ń lọ?), gbogbo rẹ̀ ti parẹ́. Ìṣẹ́jú 40 ni ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ tí ó bá fi 10 nínú rẹ̀ tún àwọn àṣẹ àná tẹ̀, tí iná sì tún lọ, kí ni ó fẹ́ rí kọ́?

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a kọ àwọn àṣẹ tí a ń lò nígbà gbogbo sínú fáìlì kan, kí a sì fi ibi tí fáìlì náà wà han kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan tí í ṣe PYTHONSTARTUP. Láti ìgbà náà lọ, bí a bá ti ṣí Python láti bá a sọ̀rọ̀, yóò ka fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò mú gbogbo àṣẹ inú rẹ̀ ṣẹ, kí >>> tó yọ. Àwọn àgbà nínú yín tí ẹ lo kọ̀ǹpútà nígbà ayé MS-DOS yóò rántí AUTOEXEC.BAT, ìbátan rẹ̀ ni èyí.

Kí ni a wá kọ sínú tiwa? Orúkọ ìlú ni ó fà á. Àwọn ọmọ kan ń ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa wá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìlú rẹ̀ jáde. Wọ́n wá Ẹfọ̀n. Ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ a sì ń rí i gbangba lójú wa. Ẹ̀rọ kò purọ́. Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́rin ni Ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè tọ́jú Ẹ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí E pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀; ó dá lórí ohun tí a fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́nà kìíní, Python yóò ka Ẹfọ̀n sí 5, nítorí kò sí àmì kan ṣoṣo tí ó kó ọ àti àmì ohùn orí rẹ̀ pọ̀. Lọ́nà kejì, yóò kà á sí 7. Méjèèjì jọra lójú ènìyàn bí ìbejì, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ. Òbí tí ó bá ti wá orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ rí, tí wọ́n ní kò sí níbẹ̀, mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìlà mẹ́ta péré ni ó wò ó sàn:

import unicodedata
def tun(oro):
    return unicodedata.normalize("NFC", oro)

Àṣẹ tun yìí ń sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. A fi í sínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa, a sì gbàgbé rẹ̀.

Ìgbàgbé yẹn ni ó kó ìtìjú bá wa. Ọmọ wa kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìdíje. Níhìn-ín, ó ti dán an wò lẹ́yìn >>> láìmọye ìgbà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Lọ́hùn-ún, níwájú àwọn adájọ́, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ tun. Ọmọ náà kò mọ̀ pé àwa ni a kọ ọ́. Ó rò pé ara Python ni. Àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Kódà nínú yàrá tiwa, bí ó bá ti kó ètò náà sínú fáìlì tirẹ̀ kí ó tó mú un ṣiṣẹ́, ìbá ti rí àṣìṣe náà, nítorí ìgbà tí a bá ń bá Python sọ̀rọ̀ lójúkojú nìkan ni ó ń ka PYTHONSTARTUP. Bí a bá gbé odindi ètò fún un, kò ní wo fáìlì náà rárá. A kò kọ́ ọ ní èyí.

Ọ̀rọ̀ tún kan ẹ̀yin òbí tí ẹ kò ní ohun tí ẹ fẹ́ fi Python ṣe. Agbára kan náà, pé kí àṣẹ máa ṣẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ni àwọn aṣebi ń lò. Ẹ rántí ìgbà tí fíláàṣì tí a gbé lọ tẹ̀wé níta máa ń kó kòkòrò wálé. Windows ìgbà náà ń ka fáìlì kan, autorun.inf, lórí fíláàṣì tí a bá kì bọ̀ ọ́. Kòkòrò Conficker, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2008, wà lára àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kejì 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn Windows àtijọ́ láti dí ọ̀nà náà.

Fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ wa ṣì wà. A ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù. Kí ọmọ tó gbé iṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wa, ó ní láti fi python -E ṣí i, èyí tí kì í jẹ́ kí Python náání PYTHONSTARTUP, kí ó sì dán an wò lójú wa. Fáìlì náà sì ti ní ìlà kẹrin, tí ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó fi tun síbẹ̀. Ọmọ tí ó lọ síbi ìdíje yẹn ni ó kọ ọ́.