Bí Ọrùn Ọwọ́ Bá Kán, Ẹ Máa Ṣọ́ Ìka

Ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ tó kán la fẹ́ sọ lónìí.

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú, ọwọ́ la kọ́kọ́ máa ń nà sílẹ̀ ká má baà forí gbálẹ̀. Eegun apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ló sábà máa ń kán. Abraham Colles, dókítà ọmọ Ireland, ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1814, bẹ́ẹ̀ 1895 ni X-ray ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àwa ti ní X-ray, ẹ lọ yà á. Pé ìka ṣì ń mì kò ní kí eegun má kán. Eegun kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, scaphoid ni wọ́n ń pè é, tó lè kán kó má hàn nínú X-ray àkọ́kọ́. Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà.

Bí eegun bá yẹ̀, wọ́n á fà á padà sáyè rẹ̀, wọ́n á fi P.O.P. dè é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ abẹ àti irin.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Bí ìdè bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka, ẹran ara á kú. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti gé ọwọ́ àwọn tó jẹ́ pé eegun nìkan ló kán, torí ọparun tí wọ́n dì mọ́ ọn pinpin. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun o, P.O.P. ilé ìwòsàn náà lè fún jù, torí ọwọ́ ṣì máa ń wú lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

Bí ìrora bá ń le sí i, tí ìka kú tipiri, tó tutù, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ padà sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ gbé ọwọ́ náà ga ju àyà lọ, ẹ máa ká ìka, ẹ máa nà án, lójoojúmọ́.

Tí wọ́n bá tú P.O.P., ọwọ́ á ti tín-ín-rín, á sì gan. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lọ rí physio. Agbára rẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó padà.

Ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó wà nínú P.O.P.? Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ẹ sì bi í pé: ìka ńkọ́?