Ìró Ìlù àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun èlò orin tó wà ní Phoenix, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ni àlejò ń fi sétí níbẹ̀. Bí ó bá ti sún mọ́ ohun èlò kan, yóò máa gbọ́ ìró rẹ̀. Èyí sàn ju kí ìlù kàn dúró bí ère. Síbẹ̀, ìró nìkan kò tó. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè Yorùbá ni ìyáàlù dùndún ń fi sọ̀rọ̀; ẹni tí kò gbédè yóò gbọ́ ìlù, kò ní gbọ́ oríkì tí ó ń kì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá níwájú gamelan ilẹ̀ Indonéṣíà, tí ohùn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá yàtọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ẹ̀rọ sétí ni ó yẹ kí olùkọ́ ti ṣàlàyé èyí.