Ó Kù Díẹ̀ Kí N Ta Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Mi fún Oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù

Ní Sátidé kan, oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ti ọmọlanke rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní Pápá Àjàó níbí. A ti ná ọjà tán, ó ti ń ka owó, kí ọlọ́gbọ́n kan tó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí mo ti lò fún ọdún mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ tà bí àlòkù irin.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Ìlẹ̀kùn dígí rẹ̀ wà níwájú, ó rí roboto bí ojú òwìwí. Àwọn ọmọ mi a máa jókòó síwájú rẹ̀, wọn a máa wo aṣọ bí ó ti ń gòkè tí ó sì ń já bọ́ sínú ọṣẹ. Mo máa ń bá wọn wí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń kó irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n ń tún wọn ṣe, tí wọ́n sì ń jókòó wò wọ́n bí àwa ti ń wo bọ́ọ̀lù.

Kí ni wọ́n rí lára rẹ̀? Èkíní ni omi. Ìdí àgbá rẹ̀ nìkan ni omi ń wà, aṣọ ni ó ń yí lọ bá omi. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lókè ń fẹ́ omi púpọ̀ kí aṣọ tó rì. Ẹni tí ó bá ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì mọ ohun tí mò ń wí. Èkejì ni iná: ti Yúróòpù bá tiwa mu, láàárín fóòtì 220 sí 240, 120 ni wọ́n ṣe ti Amẹ́ríkà fún. Ẹ̀kẹta ni agbára. Nígbà tí Constructa, ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú àkọ́kọ́ ní Jámánì tí ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ fúnra rẹ̀, jáde ní 1951, bóòtù ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ilẹ̀ kí ó má baà rìn kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi ìdì kọnkéré sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń fi sípíríǹgì gbé àgbá rọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tèmi bẹ̀rẹ̀ ariwo. Bí ó bá ń fún aṣọ gbẹ, àwọn ará ilé a ní mo ti ra ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí mo pè wá wò ó ní kí n jù ú nù, kí n ra tuntun. Bàbá kan ládùúgbò, tí ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀, ni ó dá oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù dúró.

"Tíṣà, ṣé nítorí béárìn lẹ fẹ́ ta ẹrù yín?"

A tú u. Rọ́bà tí ń dá omi dúró lẹ́yìn àgbá ti gbó, omi ti wọ béárìn, ó ti dípẹtà. Nọ́ńbà wà lára wọn: 6205 àti 6206. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní nọ́ńbà kì í purọ́: ihò 6205 jẹ́ mìlímítà 25, ìta rẹ̀ 52, ìbáà ṣe ti ọkọ̀, ìbáà ṣe ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. A rí méjèèjì rà ní Ládípọ̀, a pààrọ̀ rọ́bà náà pẹ̀lú wọn, ariwo sì dákẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti jó agolo tí ó gba omi pọ̀ mọ́ra, kò ṣeé tú. Bí béárìn bá kú, odindi agolo lẹ óò rà. Àwọn ará Yúróòpù náà ké gbàjarè, títí òfin fi jáde ní 2021 pé kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ máa pèsè páàtì fún ọdún 10, ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá ta irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra tòkunbọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀, ẹ tẹ́tí. Bí ó bá ń dún gàràgàrà, ẹ yọ owó béárìn kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Ẹ béèrè bóyá agolo rẹ̀ ní síkúrù. Bí ẹ bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, omi tútù ni kí ẹ fi fọ aṣọ, nítorí iná tí ń gbé omi gbóná ju agbára rẹ̀ lọ.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dìgbà kan ná.