Ṣé ká skim ẹ̀ ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀? Nọ́ńbà tó wà lára dísìkì bíréèkì yín

Tẹ́ ẹ bá ń ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, ẹ máa kan Òṣú lójú ọ̀nà. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atakunmosa West. Ibẹ̀ la wà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ ṣe ìkómọ ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, nígbà tí sítíárìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tí ọkọ̀ bá ń sáré, kò sí nǹkan kan. Gbàrà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti tẹ bíréèkì báyìí, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe.

A yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan létí títì. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ tú táyà iwájú. Ó wò ó, ó ní, "Bùrọ̀dá, dísìkì yín ló ti tẹ̀. Ẹ jẹ́ n sáré gbé e lọ skim."

Ọ̀gá ẹ̀ tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì dáhùn pé, "Dúró ná. Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Dísìkì ni irin róbótó tó ń bá táyà yí, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí tó ń dán láàárín ihò rim. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, brake fluid á ti páàdì méjì láti inú caliper, wọ́n á fún dísìkì náà láàárín. Frederick Lanchester, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ fún irú ẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1902, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbilẹ̀. Ní 1953, ọkọ̀ Jaguar C-Type tó lo dísìkì gbégbá orókè níbi eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ojú gbogbo ayé sì là sí i.

Iṣẹ́ tí irin yìí ń ṣe ni pé ó ń sọ eré di ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,300, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, agbára tó wà nínú eré ẹ̀ tó nǹkan bíi kilojoule 500. Ìyẹn tó láti mú omi lítà kan ààbọ̀ hó! Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló máa di ooru láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Dísìkì iwájú méjèèjì ló sì máa gba èyí tó pọ̀ jù, torí ìwúwo ọkọ̀ máa ń sún síwájú. Ẹ tún fi sọ́kàn pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, atẹ́gùn máa ń ráyè fẹ́ dísìkì tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ̀ pé òkè ni. Ẹni tó bá ń fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, irin ẹ̀ á máa gbóná lórí gbígbóná. Ooru náà á gba inú caliper dé inú brake fluid. Ìlànà ni pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Àmọ́ brake fluid máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́, èyí tó bá sì ti fa omi lè hó ní 140°C. Tó bá hó pẹ́nrẹ́n, ìfófòó á wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ yín á wọlé dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Nígbà míì táwọn èèyàn bá ní bíréèkì ọkọ̀ kan já, kò sí nǹkan kan tó já. Ó hó ni.

Ká padà sí Òṣú. Ọ̀gá fi sáńpépà ha ìpẹtà tó wà láàárín dísìkì, ó pè wá ká wá wo nǹkan tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: MIN TH 23 mm. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé dísìkì yìí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 23 lọ. Nígbà tó wà ní tuntun, 25 ni. Ó wá fi micrometer wọ̀n ọ́n yíká ní ojú mẹ́jọ. Ibi tó nípọn jù jẹ́ 23.43, ibi tó fẹ́lẹ́ jù jẹ́ 23.40.

Ìyàtọ̀ 0.03 yẹn ló ń gbọn sítíárìn o! Irun orí kan nípọn jù ú lọ. Bí dísìkì ṣe ń yí, ibi tó nípọn á ti páàdì, ibi tó fẹ́lẹ́ á dẹwọ́, ọwọ́ yín á sì gbọ́ ọ. Gbogbo wa la máa ń sọ pé dísìkì "tẹ̀", ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò tẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ ìpẹtà tó wà lórí hub tí wọ́n gbé e lé ni kò jẹ́ kó jókòó dáadáa, táá fi máa fì, tí páàdì á sì máa jẹ ibì kan ju ibì kejì lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ sáré dé checkpoint, ẹ tẹ bíréèkì gan-an, ẹ wá fẹsẹ̀ dì í mú síbẹ̀ nígbà tí irin ṣì ń jó. Páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú kan. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ́ kí ọmọ car wash da omi tútù lu rim tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Irin tó gbóná lè là.)

Kí wá ni skim? Wọ́n á gbé dísìkì sórí ẹ̀rọ lathe, wọ́n á máa yí i, wọ́n á fi irin mímú há ojú ẹ̀ méjèèjì títí táá fi tẹ́jú. Torí irú ẹ̀rọ báyìí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980. Dísìkì gbà fún un, torí irin dídà ni, tí káábọ́nù inú ẹ̀ tó ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Káábọ́nù yẹn wà nínú ẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bíi graphite inú pẹ́ńsùlù. Òun ló ń jẹ́ kí irin náà gbé ooru lọ kíákíá, kó má pariwo jù, kó sì rọrùn láti gé.

Àmọ́ ẹ wo àdá tí wọ́n ti ń pọ́n láti bí ọdún mélòó kan ní oko kòkó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pọ́n ọn ló ń mú, gbogbo ìgbà náà ló sì ń kéré. Tí wọ́n bá há 0.3 kúrò lójú kọ̀ọ̀kan dísìkì wa, 0.6 ti lọ. 23.4 á di 22.8. Ó ti wọ abẹ́ nọ́ńbà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá, mìlímítà méjì nínú 25, kí ló wà níbẹ̀?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi wo ẹ̀gbẹ́ dísìkì náà dáadáa. Inú ẹ̀ ṣófo! Ihò atẹ́gùn wà láàárín, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 10. Irin gangan tó wà níbẹ̀ kò ju 15 lọ. Méjì nínú 15 ti ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ooru kan náà ni bíréèkì máa pèsè, irin tó máa gbà á ló dín kù, bí ìkòkò fẹ́lẹ́ṣe máa ń tètè jó ọbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, bí dísìkì àti páàdì bá ṣe ń tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni piston inú caliper á máa yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ bá wa skim ẹ̀ báyìí náà, Ọ̀gá. Owó tuntun ò sí."

"Ẹ má bínú, n ò ní ṣe é. Ká ní 24.6 ni mo bá níbẹ̀, màá ní kẹ́ ẹ skim ẹ̀, ẹ ò ní náwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ẹ̀fọ̀n lẹ ń lọ."

Ọ̀nà míì tí kì í gba skim ni tí dísìkì bá ti là, tàbí tó ní àwọn ojú dúdú-dúdú tó le ju ibi tó kù lọ. Ooru ló ti yí irin ibẹ̀ padà, ó sì máa ń wọnú. Tẹ́ ẹ bá há a, ojú á tẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, gbígbọ̀n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá gbé micrometer ẹ̀ dání, a wọ ọkọ̀ míì lọ sí Iléṣà lọ ra tòkunbọ̀. Dísìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá ń dán gbinrin, ó lẹ́wà. Ọ̀gá wọ̀n ọ́n: 23.1. Wọ́n ti skim ẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ni, àbí ibí ni wọ́n ti ṣe é, ta ló mọ̀? Èyí tá a rí nígbà tó yá jẹ́ 24.7, méjì, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀ kí ọkọ̀ má baà máa fà sápá kan.

Nígbà tá a padà dé Òṣú, ọmọ iṣẹ́ fi sáńpépà fọ hub títí ó fi funfun, kó tó gbé dísìkì lé e. Wọ́n fi páàdì tuntun sí i. Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wá ojú ọ̀nà tó dá, kó sá tó 60, kó rọra tẹ bíréèkì kó fi wálẹ̀ sí 10 láìdúró pátápátá, kó ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá, kó wá máa lọ wẹ́rẹ́ kó lè tutù. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí páàdì lẹ̀ káàkiri ojú dísìkì bákan náà.

Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán ká tó dé Ẹ̀fọ̀n. Dísìkì àtijọ́ náà ńkọ́? Oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kan fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kọ́kọ́ gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, ó fọ́ méjèèjì sí wẹ́wẹ́, kó tó tà á fún un.