Ẹbí-Olú: Ìperí fún Fọ́ńgáì àti Àwọn Ìsọ̀rí Rẹ̀

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pe fọ́ńgáì, olú ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ìperí náà rọrùn, ṣùgbọ́n ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí olùkọ́ bá wí pé olú wà lára ẹ̀pà, ohun tí ó dé fìlà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá. Kò ní ka ẹ̀pà tí ó bu sí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó mú ẹ̀pà bu lè tú áfílátọ́síìnì sínú rẹ̀, oró tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísè tàbí yíyan kì í pa tán.

Kí ni ó so àwọn fọ́ńgáì pọ̀? Wọn kì í ṣe ewéko, nítorí wọn kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Wọn kì í sì í ṣe ẹranko: wọn a tu omi tí ń da oúnjẹ sórí ohun tí wọ́n wà lára rẹ̀, wọn a sì fa èyí tí ó bá yọ́ mu. Kítíìnì, èyí tí ó tún wà nínú èèpo akàn, wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì wọn. Ní 1969, Robert Whittaker fún wọn ní ìjọba tiwọn.

Mo dábàá ẹbí-olú fún gbogbo wọn, àti agboolé fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí hóró tí wọ́n fi ń bí sí i gbà ń jáde ni mo fi sọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ.

(i) Onírù: hóró wọn ní ìrù tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Inú omi àti ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn ń pa àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́.

(ii) Alájàgà: okùn méjì a so pọ̀ bí màlúù méjì lábẹ́ àjàgà, hóró aláwọ líle a sì ti ibẹ̀ jáde. Irun dúdú tí ń hù lára búrẹ́dì wà níbí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ pín agboolé yìí sí méjì, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì wúlò nínú kíláàsì.

(iii) Ọ̀rẹ́-gbòǹgbò: ìṣe wọn ni mo fi pè wọ́n. Wọ́n ń bá gbòǹgbò ewéko wá oúnjẹ nínú ilẹ̀, ewéko a sì fún wọn ní ṣúgà. Ní 2001 ni a yà wọ́n kúrò lára alájàgà.

(iv) Alápò: inú àpò ni hóró wà, mẹ́jọ-mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà. Agboolé tí ó tóbi jù nìyí. Ìwúkàrà àti èyí tí ń mú ẹmu kan wà níbẹ̀. Èyí tí ń fa làpálàpá, èyí tí ń mú ẹ̀pà bu, àti èyí tí Alexander Fleming ti rí pẹnisílíìnì ní 1928 náà wà níbẹ̀.

(v) Oníkùmọ̀: orí ohun tí ó jọ kùmọ̀ ni hóró ń jókòó sí, mẹ́rin-mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Ọlọ́pàá ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti ní iṣẹ́ mìíràn ní ìgboro. Ibí ni púpọ̀ jù nínú olú tí a ń jẹ wà.

Ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní olú, orúkọ ọmọ kan ni ó fi ń pe gbogbo ilé. Ẹbí-olú ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìbátan olú ni ohun tí ó wà lára ẹ̀pà, kì í ṣe olú fúnra rẹ̀. Kí olùkọ́ sì fi kún un pé ẹ̀pà tí ó bá bu, dídànù ni; fífọ̀ kò tó.